Gómìnà tó Gbá Kíríkẹ́ẹ̀tì: Ìgbésí Ayé Gordon Guggisberg àti Ọ̀rọ̀ Èdè Abínibí ní Ilé-Ìwé

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ka ìtàn orílẹ̀-èdè Ghánà kò ní ṣàì bá orúkọ Frederick Gordon Guggisberg pàdé. Òun ni gómìnà tó kọ́ ilé-ìwòsàn Korle Bu, òun ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ èbúté ọkọ̀ òkun Takoradi, òun náà ló sì dá ilé-ẹ̀kọ́ Achimota sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ èdè ní ìdí mìíràn tó fi yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin yìí kì í ṣe olùkọ́ ilé-ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ológun ni, awọnlẹ̀ ni, eléré kíríkẹ́ẹ̀tì sì ni pẹ̀lú. Síbẹ̀, òun ló fi ọwọ́ sí ìlànà tó là á mọ́lẹ̀ pé bí ọmọ yóò bá tilẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, orí èdè abínibí rẹ̀ ni kí a fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà lé. Ọ̀nà tó gbà dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, àti ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ náà kọminú sí i, tó ohun tí a lè gbé yẹ̀ wò.

Ìlú Galt, ní ẹkùn Ontario, orílẹ̀-èdè Kánádà, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 1869. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀. Ilẹ̀ Switzerland ni ìdílé bàbá náà ti ṣẹ̀ wá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé orúkọ tó ń lọ́ mọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu yẹn wá. Bàbá kú nígbà tí ọmọ wà ní kékeré. Ìyá rẹ̀ fẹ́ ọ̀gá kan nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi, ní ọdún 1879 sì ni ìdílé náà kó lọ sí Ìlú Òyìnbó. Gordon lọ sí ilé-ìwé ní agbègbè Portsmouth, níbi tí ọmọ ogun pọ̀ sí bí ẹni pé wọ́n ń hù láti inú ilẹ̀. Kò yani lẹ́nu nígbà tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Woolwich. Ní ọdún 1889, ó di ọ̀gá kékeré ní ẹ̀ka àwọn ẹnjiníà ọmọ ogun ọba.

Ẹ̀ka yìí kì í ṣe ti ìbọn yíyìn nìkan. Àwọn ni wọ́n ń la ọ̀nà, tí wọ́n ń ṣe afárá, tí wọ́n ń mọ odi, tí wọ́n sì ń wọn ilẹ̀. Wọ́n rán Guggisberg lọ sí Singapore ní ọdún 1893. Nígbà tó di ọdún 1897, wọ́n pè é padà sí Woolwich láti máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ológun ní ìmọ̀ odi mímọ. Àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ kì í sábà dúró lórí ọdún díẹ̀ tó fi ṣe olùkọ́ yìí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ dúró níbẹ̀. Ó tún bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ náà ṣe, ó sì kọ ìwé kan lórí ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ Woolwich, èyí tó jáde ní ọdún 1900. Ẹni tó bá ti dúró níwájú kíláàsì rí yóò mọ̀ pé ojú tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń wo ọ̀rọ̀ ilé-ìwé máa ń yàtọ̀ sí ojú ẹni tó jẹ́ pé inú ọ́fíìsì nìkan ló wà.

Eré ìdárayá kò jìnnà sí i ní gbogbo àsìkò yìí. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù orí ẹṣin, ó ń gbá gọ́ọ̀fù, ṣùgbọ́n kíríkẹ́ẹ̀tì ló gbé orúkọ rẹ̀ dé inú ìwé àkọsílẹ̀. Ó gbá a ní ipele tó ga jù fún ẹgbẹ́ Marylebone, tí gbogbo ayé mọ̀ sí MCC, ẹgbẹ́ tí pápá rẹ̀ wà ní Lord's ní Lọ́ńdọ̀n, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni òfin eré náà wà. Kò di gbajúmọ̀ nídìí rẹ̀ o. Orúkọ rẹ̀ kàn wà níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, kíríkẹ́ẹ̀tì ju eré lọ. Wọ́n gbà pé níbẹ̀ ni ọmọdé ti ń kọ́ sùúrù, tó ti ń kọ́ bí a ṣe ń gba ìdájọ́ láìjiyàn, tó sì ti ń mọ̀ pé ẹgbẹ́ ṣe pàtàkì ju ẹnì kan lọ. Àwọn ológun, àwọn olùkọ́ àti àwọn ajíhìnrere ló gbé e wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1904, Èkó àti Gold Coast ti pàdé lórí pápá ní Èkó láti figagbága nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí òmìnira tó dé sí ilẹ̀ méjèèjì. Èrò pé eré a máa kọ́ ọmọ ní ìwà kò kúrò lọ́kàn Guggisberg títí tó fi di gómìnà, a ó sì rí i níwájú bí ó ṣe wọ inú òfin ẹ̀kọ́.

Ọdún 1902 ni ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún iṣẹ́. Wọ́n ní kó wá wọn ilẹ̀ Gold Coast àti Ashanti. Góòlù ló fa iṣẹ́ náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ti ya wọ ilẹ̀ náà, wọ́n ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọba àti ìjòyè, ààlà ilẹ̀ sì ti wọ inú ara wọn débi pé ẹjọ́ kò tán mọ́ nílé ẹjọ́. Kò sí máàpù tó ṣeé gbára lé. Guggisberg àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ inú igbó kìjikìji, wọ́n ń gé ojú ọ̀nà tààrà láàárín igi, wọ́n ń fi okùn ìwọnlẹ̀ wọn ibùsọ̀ dé ibùsọ̀, àwọn aláàárù sì ń ru ẹrù tẹ̀lé wọn. Ní ọdún 1905 ó di olórí ẹ̀ka ìwọnlẹ̀, ó sì wà lórí rẹ̀ títí di ọdún 1908.

Ọdún 1905 yìí kan náà ló fẹ́ Decima Moore, òṣèré àti olórin tí gbogbo Lọ́ńdọ̀n mọ̀ nígbà náà. Ìgbéyàwó àkọ́kọ́ rẹ̀ ti tú ká ṣáájú. Obìnrin náà bá a rìn ní Gold Coast, àwọn méjèèjì sì jọ kọ ìwé kan lórí ìrìn-àjò wọn, tó jáde ní ọdún 1909.

Ní ọdún 1910, wọ́n fi Guggisberg ṣe olórí ìwọnlẹ̀ ní Gúúsù Nàìjíríà, lẹ́yìn náà ó di olórí àwọn awọnlẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ní ọdún 1911, ó gbé ìwé jáde tó ṣàlàyé bí a ṣe ń wọn ilẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ kan ọ̀rọ̀ èdè ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ, nítorí ẹni tó bá ya máàpù ni yóò kọ orúkọ ìlú sórí rẹ̀. Bí àkọtọ́ tí wọ́n fi kọ ọ́ bá sì ti wọ ìwé ìjọba, ó di ọ̀ràn kí ó tó kúrò níbẹ̀ mọ́. Kumase di Coomassie nínú ìwé àwọn òyìnbó ní ìgbà kan. Ní tiwa, láti ọdún 1875 ni ìpàdé kan ti wáyé ní Èkó tó fìdí lílo àmì abẹ́ múlẹ̀ nínú àkọtọ́ Yorùbá, síbẹ̀ Òṣogbo àti Iléṣà ṣì ń jẹ́ Oshogbo àti Ilesha nínú àìmọye ìwé ìjọba lẹ́yìn tí máàpù àti ibùdókọ̀ reluwé ti gbà á bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá tó ti fa igi pupa sí irú àkọtọ́ yìí nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń bá ọmọ náà jà. Máàpù àtijọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ogun àgbáyé kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, Guggisberg sì padà sídìí iṣẹ́ tó kọ́kọ́ kọ́. Ilẹ̀ Faransé ni ó ti jagun. Ó kọ́kọ́ darí ẹgbẹ́ ẹnjiníà kan, ó gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ọ̀gágun tó ń darí bíríkéèdì, ìgbà márùn-ún ni wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ fún ìyìn nínú ìròyìn ojú ogun. Wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ DSO ní ọdún 1918.

Nígbà tí ogun parí, Hugh Clifford kúrò ní Gold Coast, ó ń bọ̀ wá ṣe gómìnà ní Nàìjíríà. Guggisberg ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ó sì gorí àga ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1919. Kì í ṣe àṣà àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti fi awọnlẹ̀ ṣe gómìnà. Àwọn tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣe akọ̀wé ìjọba ni wọ́n sábà máa ń yàn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ilẹ̀ náà, ó mọ ibi tí odò gbé ya àti ibi tí ọ̀nà gbé ti di igbó.

Kò pẹ́ tó dé tó fi gbé ètò ọlọ́dún mẹ́wàá kan sílẹ̀, tí owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù ogún pọ́n-ùn. Nígbà náà, àwọn ìjọba amúnisìn kì í ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀. Bí owó bá ṣe wọlé ni wọ́n ṣe ń ná an. Kòkó ni Guggisberg gbójú lé. Láti ìgbà tí Tetteh Quarshie ti gbé irúgbìn kòkó wá láti erékùṣù Fernando Po ní ọdún 1879, àwọn àgbẹ̀ Gold Coast fúnra wọn ni wọ́n ti sọ ọ́ di ohun ọrọ̀, kì í ṣe ìjọba. Ìyà tó ń jẹ wọ́n ni ọ̀nà. Orí ni wọ́n fi ń ru kòkó, tàbí kí wọ́n máa yí i nínú àgbá lójú ọ̀nà. Bí ó bá sì dé etí òkun, ọkọ̀ ojú omi ńlá kò lè súnmọ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ló ń gbé ẹrù la ìgbì já lọ bá a. Bí ìgbì bá dà á nù, àdánù àgbẹ̀ ni. Iye owó kòkó wálẹ̀ wìì ní ọdún 1920 sí 1921, wọ́n sì ní láti gé ètò náà kúrú, ṣùgbọ́n wọn kò pa á tì. Reluwé láti Accra dé Kumase parí ní ọdún 1923. Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹwàá, ni wọ́n ṣí ilé-ìwòsàn Korle Bu. Èbúté Takoradi ní tirẹ̀ kò ṣí títí di ọdún 1928, nígbà tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti lọ.

Ní Ashanti, ọ̀ràn kan wà tó fi hàn bí àìgbọ́ èdè àti àìmọ àṣà ṣe lè da ìlú rú. Ní ọdún 1900, Gómìnà Frederick Hodgson béèrè pé kí wọ́n gbé Àpótí Wúrà ti Ashanti wá kí òun jókòó lé e. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í jókòó lórí àpótí náà, ọba pàápàá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀mí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ni wọ́n gbà pé ó wà nínú rẹ̀. Ogun ló tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà, ogun tí Yaa Asantewaa, ìyá ọba Ejisu, ṣe aṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Àpótí Wúrà tún ṣú yọ ní ọdún 1921, ìjọba Guggisberg ní ẹni tó lè là á yé wọn. R. S. Rattray ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó gbọ́ Twi dáadáa tó sì ti tẹ ìwé òwe Ashanti jáde ní ọdún 1916. Wọ́n fi í sídìí iṣẹ́ ìwádìí àṣà Ashanti. Ìjọba kéde pé àwọn kò ní í bá àwọn Ashanti du àpótí wọn, ìlú sì dákẹ́. Ní ọdún 1924, wọ́n gba Prempeh Kìíní láàyè láti padà wálé láti ìgbèkùn ní Seychelles. Ẹni kan tó gbọ́ èdè ṣe ohun tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìbọn kò lè ṣe ní ọdún 1900.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni Guggisberg fi sí iwájú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1924, ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tó fi ẹ̀kọ́ wé òkúta tó wà lókè pátápátá ní àárín ẹnu ọ̀nà tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, èyí tó jẹ́ pé bí a bá yọ ọ́, gbogbo òkúta yòókù á ya lulẹ̀. Àfiwé ẹnjiníà gan-an ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ó gbé ìlànà 16 lórí ẹ̀kọ́ síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó fẹ́ kí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ múná dóko, kí ilé-ìwé gíga tó ìwọ̀n tí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ fi lè wọ yunifásítì, kí yunifásítì sì wà nílẹ̀ náà lọ́jọ́ iwájú. Ó fẹ́ kí àǹfààní ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin dọ́gba, kí olùkọ́ jẹ́ ẹni tó pegedé, kí ìkọ́ni ní ìwà àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wà. Eléré kíríkẹ́ẹ̀tì náà kò gbàgbé ara rẹ̀: ìlànà kan ní kí eré ìdárayá tó létò jẹ́ ara ìgbésí ayé ilé-ìwé. Ìlànà mìíràn ló kan àwọn olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n, èyíinì ni pé dandan ni ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n orí èdè abínibí ni kó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ṣinṣin sí.

Ẹ̀rí ìlànà yìí ni Achimota. Igbó kan lẹ́yìn Accra ni ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí. Wọ́n ní nínú èdè Ga, orúkọ ibẹ̀ ń tọ́ka sí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ènìyàn níbẹ̀, nítorí àwọn ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ló ń fara pamọ́ sínú igbó náà. Owó tó lé ní 600,000 pọ́n-ùn ni wọ́n ná lórí rẹ̀. Alek Fraser ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́. Ó ti lo ogún ọdún nílé-ẹ̀kọ́ Trinity ní Kandy, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, níbi tó ti jà fún ipò èdè àwọn ọmọ ilẹ̀ nínú ẹ̀kọ́. Ẹnì kejì ni James Emman Kwegyir Aggrey, ọmọ Anomabo, tó ti lọ sí Amẹ́ríkà láti ọdún 1898, tó sì wà nínú ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes tó wá yẹ ẹ̀kọ́ wò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1920. Aggrey ni wọ́n ń ka àmì ilé-ẹ̀kọ́ náà sí lọ́rùn, ìyẹn ọ̀pá funfun àti dúdú inú dùùrù, tó túmọ̀ sí pé orin kò lè pé bí ọ̀kan bá dá ṣe é láìsí èkejì. Ọjọ́ 28, oṣù Kìíní, ọdún 1927 ni wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ náà ní gbangba. Aggrey kò rí ọdún náà parí. Ó kú ní New York ní oṣù Keje.

Ní Achimota, Twi, Fante, Ga àti Ewe wọ inú iṣẹ́ kíláàsì. Ní ọdún 1927 yìí kan náà ni ìjọba pe Diedrich Westermann, onímọ̀ èdè ará Jámánì, wá gbani nímọ̀ràn lórí àkọtọ́. Àtúnṣe tó ti ibẹ̀ jáde ló mú kí Akan àti Ga máa lo lẹ́tà ɔ àti ɛ títí di òní, níbi tí Yorùbá ti ń lo ọ àti ẹ alámì abẹ́. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí i pé ìró kan náà lè wọ aṣọ méjì, àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyẹn nílẹ̀ alájọgbé. Ephraim Amu dé Achimota ní ọdún 1934, ó sì fi orin tó bá ohùn èdè Twi àti Ewe mu kún iṣẹ́ náà. Onímọ̀ èdè olóhùn mọ̀ bí ó ti ṣòro tó láti fi orin òyìnbó kọ ọ̀rọ̀ irú èdè bẹ́ẹ̀ kí ìtumọ̀ má dàrú.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé etíkun àti àwọn òbí fura sí ètò yìí, ẹ̀sùn tí wọ́n sì kà sí i lẹ́sẹ̀ ṣì ń dún létí olùkọ́ èdè dòní. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń wọ iṣẹ́ ìjọba. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe lọ́yà. Bí òyìnbó tó ni Gẹ̀ẹ́sì bá wá ń sọ fún ọmọ dúdú pé kó dúró sídìí èdè tirẹ̀, ta ni kò ní béèrè ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà tó bọ́ sójúde? Ìfura náà ní ìpìlẹ̀. Àwọn Phelps-Stokes ń gbé irú ẹ̀kọ́ kan lárugẹ tí wọ́n ti ń lò fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ oko tó bá àyíká mu, tí ọ̀pọ̀ sì rí gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà láti má ṣe jẹ́ kí àwọn dúdú gòkè ju ibì kan lọ. Ẹni tó bá fi èdè abínibí kọ́ni tí kò sì la ọ̀nà òkè sílẹ̀, ògiri ló ń mọ, kì í ṣe ìpìlẹ̀.

Níbi tí ètò Guggisberg ti yàtọ̀ nìyí, ó sì yẹ kí a fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kò fi èdè abínibí rọ́pò ibi gíga. Ó fi í sísàlẹ̀, ó sì ní kí yunifásítì wà lókè. Achimota ń pèsè akẹ́kọ̀ọ́ fún ìdánwò Yunifásítì Lọ́ńdọ̀n. Nígbà tí yunifásítì àkọ́kọ́ ní Gold Coast bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948, inú ọgbà Achimota ló ti kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀. Kwame Nkrumah tó kẹ́kọ̀ọ́ ṣe olùkọ́ jáde níbẹ̀ ní ọdún 1930 kò ya ẹni tí ẹ̀kọ́ ibẹ̀ dè mọ́lẹ̀. J. E. Casely Hayford pàápàá, tó jẹ́ alátakò Guggisberg nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ òṣèlú, ti kọ nípa yunifásítì tí yóò ní gbòǹgbò nínú èdè àti àṣà àwọn ọmọ ilẹ̀, nínú ìwé Ethiopia Unbound tó jáde ní ọdún 1911. Èrò náà kì í ṣe ti gómìnà nìkan. Òun ló kàn ní owó àti àṣẹ.

Ṣùgbọ́n àbùkù ètò náà kò farasin. Nínú ìlànà 16 yẹn kan náà, ó sọ pé ẹ̀kọ́ kò lè jẹ́ ọ̀fẹ́, kò sì lè jẹ́ dandan. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1925 fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún olùkọ́, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kéékèèké ní ìgbèríko tí kò ní olùkọ́ tó kúnjú ìwọ̀n sì ní láti ti ilẹ̀kùn. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún mẹ́fà pọ́n-ùn lórí ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, nígbà tí ọmọ àgbẹ̀ kòkó tó san owó orí ẹrù náà kò rí ilé-ìwé lọ ní abúlé rẹ̀: ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣeé gbé mì. Ìlànà èdè abínibí tó dára, tó jẹ́ pé ìwọ̀nba ọmọ ló kàn, kò tíì di ìlànà orílẹ̀-èdè.

Ní ti òṣèlú, òfin ìṣèjọba ọdún 1925 dá ìgbìmọ̀ àwọn ọba sílẹ̀ ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ó sì fún àwọn ọba ní àga púpọ̀ ju àwọn tí ìlú dìbò yàn lọ nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nana Ofori Atta ti Akyem Abuakwa wà lẹ́yìn rẹ̀. Casely Hayford àti àwọn lọ́yà etíkun kọjú ìjà sí i, wọ́n ní ó ń fi àwọn ọba dí ọ̀nà àwọn ọ̀mọ̀wé. Bẹ́ẹ̀, Guggisberg yìí náà ló ṣètò bí àwọn ọmọ ilẹ̀ yóò ṣe máa gba ipò tí òyìnbó nìkan ń dì mú nínú iṣẹ́ ìjọba, ọdún dé ọdún, ní iye tó kọ sílẹ̀. Àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kò tẹ̀ lé e; nígbà tí ọdún 1930 yóò fi parí, iye àwọn tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ.

Ní Nàìjíríà, ó tó ọdún 45 lẹ́yìn ìlànà 16 kí iṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1970 ni Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ohun tí ológun náà gbà gbọ́ láìsí ẹ̀rí lọ́wọ́, Ifẹ̀ dán an wò.

Guggisberg kúrò ní Gold Coast ní ọdún 1927, lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti fi í joyè Sà ní ọdún 1922. Ó rin ìrìn-àjò lọ sí Amẹ́ríkà láti wo ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, òun àti Fraser sì jọ gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1929. Wọ́n ti rán an lọ ṣe gómìnà ní British Guiana ní ọdún 1928, ṣùgbọ́n àìsàn dá a padà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ara tó fi rin igbó Ashanti já, tó fi jagun ní Faransé, tó sì fi gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, ti rẹ̀. Ìgbéyàwó rẹ̀ ti dàrú, owó kò sí lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹrin, ọdún 1930, ó kú ní Bexhill, ìlú kékeré kan létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ẹni ọgọ́ta ọdún.

Ère rẹ̀ wà ní ọgbà Korle Bu. Lórí pápá Achimota, wọ́n ṣì ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbá a nígbà tí ìdíje eré ìdárayá gbogbo Áfíríkà wáyé ní Accra ní ọdún 2024. Ní Bexhill, wọ́n sin ín láìsí òkúta lórí sàréè rẹ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni àwọn tó wá láti Gold Coast wá ibojì náà kàn, tí wọ́n sì bá a lásán bẹ́ẹ̀. Àwọn ọba àti àwọn ènìyàn Gold Coast àti Ashanti ni wọ́n dá owó jọ, tí wọ́n sì fi òkúta lé e, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ àti tiwọn sí ara rẹ̀.